Òtútù Onífàyàwọ́

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú bodà tí wọ́n tì. Àwa tí a wà ní Kánádà náà ń bá òtútù fà á, ṣùgbọ́n ara mi le dáadáa.

Ẹ béèrè bóyá ilé tí mò ń gbé dára. Ó dára gan-an! Onílé mi fẹ́ pààrọ̀ gbogbo fèrèsé, ó sì ní kí n bá òun yan èyí tí kò ní jẹ́ kí ooru ilé sá jáde. Mo mú onígíláàsì mẹ́ta, èyí tí wọ́n to gíláàsì mẹ́ta léra wọn nínú fèrèsé kan, ó ní ó ti wọ́n jù, la bá fẹnu kò sí onígíláàsì méjì. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, wọ́n á wá fi í sí i.

Ní Tube, ìlú wa lẹ́bàá bodà, atẹ́gùn là ń ṣí fèrèsé fún. Níbí, fàyàwọ́ ni òtútù ń ṣe. Ẹ ti fèrèsé mọ́ ọn, á gba ẹ̀gbẹ́ férémù wọlé. Ṣùgbọ́n mo ti fi aṣọ́bodè tí kì í tòògbé síbẹ̀: ìró àdìrẹ tí ẹ ní kí n máa ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ká, tí mo fi dí àlàfo náà.

Ẹ bá mi kí Ìdùnnúolúwa, àbúrò mi. Bó bá béèrè ìró náà, ẹ ní kò sí ọjọ́ tí n kì í lò ó.

Èmi ni,
Ṣèyífúnmi yín.