Ọ̀dà Funfun Ara Ògiri Wa

Ratmi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ inú rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Lánàá, ọjọ́ Ajé, mo mú bàbá rẹ lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba káàdì ìwòsàn ọ̀fẹ́ wa, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní orúkọ wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣàánú wa, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, ṣùgbọ́n bí nǹkan ò bá yí padà, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń wú, tí kì í lè mí, bó bá fo ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mo fi àtẹ tẹ́ńpè, ẹ̀wà sóyà tí mò ń tà, sílẹ̀ láìbò, mo sáré tọ Bàbá Wiryo, olórí àdúgbò wa, lọ. Ó ní, "Ìyá Ratmi, ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yọ ara yín. Àwọn tó ń ka tálákà kọjá, wọ́n rí ògiri yín funfun báláú. Wọ́n ní ẹ ti là nìyẹn."

O rántí ohun tí ìjọba kọ síwájú gbogbo ilé tó ń gba ìwòsàn ọ̀fẹ́: ÌDÍLÉ TÁLÁKÀ. Nígbà tí àwọn àna rẹ fẹ́ wá tọrọ rẹ, ojú tì mí, mo kun tiwa rẹ́. Bàbá rẹ bẹ̀ mí kí n fi í sílẹ̀. Mo ní ọmọ tálákà kọ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá fẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jó mi nínú báyìí.

Bàbá Wiryo ní àwọn òṣìṣẹ́ á wá ya fọ́tò ògiri wa lọ́la; bí wọ́n bá rí àkọlé náà, wọ́n lè dá orúkọ wa padà. Ọ̀la yìí kan náà ni ìyá ọkọ rẹ ní òun ń bọ̀ wá kí wa. Mo ní ká bẹ̀ ẹ́ kó sún un síwájú. Bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ dìde, ó bu ọ̀dà dúdú. Ó ní, "Òkú kì í tijú àna." Ó kọ ÌDÍLÉ, àárẹ̀ mú un, kò lè kọ ọ́ parí. Èmi ni mo gba búrọ́ọ̀ṣì, tí mo kọ TÁLÁKÀ. Mi ò mọ̀ bóyá orúkọ wa á padà kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Kí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ náà.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Sumirah

Mo tún rántí: awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ti ń múra, má dá a dúró. Sọ fún un pé ilé tí wọ́n kọ̀wé sí lára ni. Kò ní ṣìnà.