Ẹni Kẹwàá fún Màámi

                                        Òpópónà Congress,
                                        Tucson, Arizona.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, 1881.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Hirsch,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kempen? Eékún tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé ọkọ yín ṣì ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà? Ara tèmi le, àfi eyín mélòó kan tó ti kí mi pé ó dìgbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Màámi pé ọdún kan tó ti kú, mo tan àbẹ́là. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àdúrà tí ọmọkùnrin ń ṣe fún ìyá rẹ̀ kò ṣeé ṣe láìpé ọkùnrin mẹ́wàá, kí gbogbo wọn sì jẹ́ Júù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ti kó ọjà lọ bá àwọn awakùsà lórí òkè. Mẹ́sàn-án péré la jẹ́. Gumpel alápatà, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, ní, “Zanwil, ìwọ lo kọ́ ilé ìwé, ìwọ lo gbẹ́ kànga fún gbogbo ìlú. Kúkú kọ́ ọkùnrin kan fún wa ká lè ráyè lọ jẹun!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ilé tí mo kọ́ fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Aránṣọ kan nínú àwọn èèyàn wa, Lippman, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, kò sì lè dìde. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbéra, a lọ yí ibùsùn rẹ̀ ká.

Ó bi mí pé, “Ta lẹ fẹ́ ṣàdúrà fún?”

Mo ní, “Ìyá mi ni, Gitel oníbúrẹ́dì, ará Kempen.”

“Gitel kẹ̀? Àbí ẹ̀yin ni Zanwil? Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́! Àga kan wà tí wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sí. Mo dán an wò lọ́jọ́ kan, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi lé mi dìde. Wọ́n ní ti Zanwil ni, kò ní í pẹ́ dé.”

Mo ṣí ìwé àdúrà, mo sì tún pa á dé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń kọ̀wé pé tí mo bá parí ilé ìwé, n óò wá. Tí mo bá parí kànga, n óò wá. Màámi ò bèèrè rí, mo sì rò pé wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Lippman ló bá mi fi ikọ́ gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àdúrà náà jáde, tí mo wá ń tẹ̀ lé e bí ọmọdé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ bá mi kí Hirsch àti bàbá rẹ̀. Ṣé àga náà ṣì wà? Ẹ má fi dáná o. Kànga kejì tí mo ń gbẹ́ kò tí ì kan omi, ẹlòmíràn ni yóò gbẹ́ ẹ parí. Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ jókòó sórí àga yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó di pé wọ́n ń wá ẹni kẹwàá kiri fún èmi náà.

Èmi ni àbúrò yín tó pẹ́ lájò jù,
Zanwil.