Olúbọ̀dé Ọdẹ́tọ́lá (1969–2025): Ẹni Tó Ń Tún Sáfà Ṣe Láìdá Aláìsàn Dúró

A bí Olóògbé Olúbọ̀dé Ọdẹ́tọ́lá ní Ìpájà, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1969, sínú ìdílé Samuel Ọdẹ́tọ́lá, káfíńtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àti Rebecca aya rẹ̀.

Ní 1983, Bàbá ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí bàbá tiwọn kú. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi tún rédíò ṣe ní Dòpẹ̀mú kí wọ́n tó padà sí ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀. Ní 1994, ní ìgbà kẹta tí wọ́n jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, wọ́n yege.

Wọ́n fẹ́ Matilda ní 1998. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́ ti rédíò.

Ní 2009, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgándò gbà wọ́n láti tọ́jú sáfà méjì, àwọn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà nínú wọn. Ètò inú wọn gbọ́dọ̀ máa di ọ̀tun, kí olè má baà rí ihò wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Bàbá pa iná sáfà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láti tún wọn ṣe. Lójú Aládùúrà bíi tiwọn, gbogbo ayé ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn Mùsùlùmí àdúgbò máa ń wá gba ìtọ́jú. Fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta, àwọn nọ́ọ̀sì kò rí àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ Zulaihat, ọ̀kan nínú wọn tó ń rọbí lọ́wọ́. A dúpẹ́, ìyá yè, ọmọ yè. Bàbá lọ tọrọ àforíjì lẹ́bàá ibùsùn. Zulaihat ní, “Bọ̀dá, ọjọ́ Àìkú tiyín nìkan lẹ mọ̀. Tiwa ńkọ́, jàre?”

Láti ìgbà náà, wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì nígbà tí èrò máa ń dín kù. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀, wọ́n á darí iṣẹ́ sórí sáfà kan, wọ́n á tún èkejì ṣe, wọ́n á dán an wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Wọ́n sì fi kọ́ Zikrullah, ọmọ iṣẹ́ wọn, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lónìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ilé ìwòsàn yìí kan náà ló gba Bàbá sí ibùsùn. Bí nọ́ọ̀sì Charity ṣe ń wo àkọsílẹ̀ wọn lójú kọ̀ǹpútà, Bàbá bi í pé ìgbà wo ni Zikrullah máa tún sáfà ṣe. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ti parí ẹ láti àárọ̀. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀.” Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kejì, láìjẹ̀rora.

Wọ́n fi Matilda aya wọn sílẹ̀, àti àwọn ọmọ: Ayọ̀, Títí àti Wisdom, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan.

Bàbá Ayọ̀, ẹ kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Kí ohunkóhun má dá yín dúró lọ́nà ilé. Ẹ ṣeun. Ẹ sùn ire.