Kéèsì Bàbá Yín

Rótìmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà l'Ékòó? Ṣé òtútù ọ́fíìsì yín kò mú ọ jù? Ẹni tó sìn ọ́ jáde nílé yóò sìn ọ́ wọlé, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Bí o bá bi wá, a ò sunwọ̀n rárá ní Ìgbẹ́mọ. Bàbá yín ni.

O mọ̀ pé mo máa ń sá fún ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní kéèsì yìí. Láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ wa ti jẹ ìrẹsì Ìdòwú aládùúgbò wa, tí ọlọ́pàá ní a ní kéèsì lọ́dọ̀ àwọn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí mo ra fóònù ní Fájuyì l'Ádó, ọmọbìnrin tó tà á ní kí n ra kéèsì mọ́ ọn kó má baà fọ́, mo ní kó máa mú tirẹ̀ lọ, a kì í fowó ra ẹjọ́ nídìílé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí, fóònù náà sì ti fọ́ báyìí. Àfi bí a ṣe gbé bàbá yín dé ọsibítù l'Ádó, tí dókítà wò wọ́n tán, tó ní kéèsì yìí le. Mo bi í pé ta ló pè wọ́n lẹ́jọ́, ó fa àga fún mi pé kí n jókòó.

Ẹjọ́ tó bá le, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́. Mo sáré wálé, mo kó àwọn àgbà ilé wa pẹ̀lú obì àti iṣu, Bàbá Bámidélé ló ṣíwájú, ó di iwájú dókítà, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Rótìmí, ọmọdé ni dókítà náà, ọmọ Èkìtì sì ni. Kò lè dúró kí àgbà máa dọ̀bálẹ̀ fún òun, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀ tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde. Nígbà tó dìde, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní kí a máa gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n máa jẹ ohun tó bá wù wọ́n, ká má wulẹ̀ gbé wọn padà wá mọ́, ká sì ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ.

Bàbá Bámidélé ní ẹ̀bẹ̀ ti gbà, wọ́n ti fagi lé kéèsì náà. Mo dúpẹ́, mo tilẹ̀ jó díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni tó jàre ẹjọ́ kì í rù báyìí. Omi nìkan ló ń wu bàbá yín. Olúwakẹ́mi àbúrò rẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún, bí mo bá bi í, á ní èéfín ló kó sí òun lójú. Ìwọ tó kàwé, ṣé kéèsì mìíràn tún wà tí mi ò mọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, má fowó ránṣẹ́, ìwọ gan-an ni kó o wá. Bàbá yín ní ká yí bẹ́ẹ̀dì wọn kọjú sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró níta ni wọ́n ń béèrè bóyá ìwọ ni. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú títì, o ò ní fẹsẹ̀ kọ, wàá dé bá wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.