Ẹ-Tún-un-Tẹ̀, Nọ́ọ̀sì Tó Fòfin De "Ó Ti Le"

Ọdún 1952 ni wọ́n bí Màmá wa, nínú ilé alájà méjì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀. Atẹ̀wé ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn, Màmá sì ni àbíkẹ́yìn. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1970. Láti 1973, ọdún mẹ́tàdínlógójì gbáko ni wọ́n lò ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa.

Iṣẹ́ náà kò sú wọn. Àwọn èèyàn ló sú wọn. Ẹni tí ọkọ̀ gbá á ní òun kò lọ́gbẹ́, òun ń lọ. Dókítà á tẹ ikùn lẹ́ẹ̀kan, á ní ó rọ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Màmá á ní, "Ṣé ikùn búra fún yín ni? Ẹ tún un tẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yẹn ṣe mọ́ wọn lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 1977, wọ́n gbé káfíńtà kan wọlé. Irin ìdarí alùpùpù ló gbá a níkùn, kò sì sí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ ń yọ́ni lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí ni Màmá ń tẹ ikùn rẹ̀, tí wọ́n ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

"Sísítà, ṣé búrẹ́dì ni mo jọ lójú yín ni?"

"Búrẹ́dì kì í sọ̀rọ̀. Ẹ dùbúlẹ̀."

Màmá lọ gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi sí i lára. Kí wọ́n tó dé, nọ́ọ̀sì kejì tẹ ikùn náà, ó sì pe dókítà lórí fóònù: "Ó ti le, sà." Dókítà rò pé ara ọkùnrin náà ló ti le. Ó dúpẹ́, ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ sílé. Ibi tí káfíńtà ti ń wọ bàtà ni Màmá bá a, òógùn tútù bo iwájú orí rẹ̀. Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kejì, wọ́n tún pe dókítà.

"Ikùn ló le, sà. Ọkùnrin yìí ń kú lọ."

Láàárín ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà ara kan lábẹ́ egungun ìhà òsì ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì ti kún inú. Láti ọjọ́ náà, Màmá fòfin de "ó ti le" ní wọ́ọ̀dù: ẹ sọ pé ikùn ti gan, tàbí kí ẹ panu mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, káfíńtà gbé àga tuntun wá, ó ní kí Sísítà máa jókòó lé e tẹ ikùn àwọn èèyàn. Màmá ní kó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀wù kí àwọn wo ojú abẹ. Ní 1979, wọ́n ṣègbéyàwó.

Nínú ìjọ, Màmá ni olórí ẹgbẹ́ tó ń bẹ aláìsàn wò. Ẹni tó bá ní ara òun dá kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn awakọ̀ bí a ṣe ń gbé ẹni tó fara pa, wọ́n sì ń bínú sí wọn lọ́dọọdún.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọkàn Màmá dákẹ́ lójú oorun ọ̀sán. Wọ́n fi Bàbá wa, ìyẹn káfíńtà náà, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Inú ṣì ń bí Bàbá: wọ́n ní ẹni tí kò jẹ́ kí àwọn lọ, òun ló lọ láìdágbére.

Màmá, oorun ire. Kí ilẹ̀ ṣe yín jẹ́jẹ́.