Àpótí Tó Yan Ọmọ Onígbàjámọ̀, Tó Fi Tèmi Sílẹ̀

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín kì í pariwo mọ́ ẹ mọ́? Mo kí ẹ kú ìdúró, mo kí ẹ kú ẹrù rírù, nítorí mo mọ̀ pé ní ilé ìkẹ́rùsí tó o wà yẹn, kò sí ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Ìyá rẹ ń kí ẹ, ẹ̀yìn ló ń dùn ún díẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ èyí tó jẹ ìwé ẹ̀rí rẹ lọ́jọ́sí. Ara èmi náà le, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, ìwọ sì ni mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ṣebí ìwọ lo mú Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa, wọ ibi iṣẹ́ yín? Oṣù mẹ́ta péré ló lò tí àpótí fi já láti orí pẹpẹ lù ú lẹ́sẹ̀. Ìwọ náà wà lára àwọn tó gbé e wálé, ọjọ́ tí mo wà níbi iṣẹ́ tí n ò bá yín. Ilé iṣẹ́ yín san owó ilé ìwòsàn, wọ́n ń san owó oṣù fún un lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n tún wá fún un ní owó gbà-má-bínú. Gbà-má-bínú! Ọdún méje lo ti fi bá wọn ṣiṣẹ́, ta ló bẹ̀ ẹ́ rí? Onígbàjámọ̀ ti yọ ògbólógbòó páànù orí ilé rẹ̀, ó fi tuntun sí i. Ó ra àga kan tó ń yí. Èèyàn tí irun rẹ̀ ò tíì kún rárá ń lọ gẹrun, kó ṣáà lè jókòó kó yí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Mo ń jowú, mi ò ní purọ́ fún ọmọ tí mo bí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró òjò lórí páànù yẹn, mo máa ń dìde lọ ti fèrèsé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojúsàájú ni, pé ọ̀gá yín ń yan ẹni tó fẹ́ràn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé èmi ni mo fà á. Èmi bíríkìlà ni mo kọ́ ẹ láti kékeré pé kó o máa wòkè kó o tó kọjá lábẹ́ ohunkóhun. Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò kọ́ ọ nírú ẹ̀, orí èèyàn nìkan lòun ń wò, ẹ wá wo ibi tó gbé wọn dé. Mo sọ èyí fún ìyá rẹ, ó bi mí pé ṣé orí mi pé.

Mo lọ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba owó náà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àwòrán èèyàn wà nínú rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kò lójú, kò nímú, kò wọṣọ, kí ẹni tó fara pa sàmì sí ibi tó ti bà jẹ́. Ní ojú ewé kejì, wọ́n to ẹ̀yà ara sílẹ̀, wọ́n kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àtàǹpàkò, ọmọńdinrín, ojú kan, ojú méjì. Bí èmi náà ṣe ń kọ iye iṣẹ́ fún onílé gan-an nìyẹn, òpó iye báyìí, fèrèsé iye báyìí. Ni mo bá wo ọwọ́ òsì mi. O mọ ìka tó ku ààbọ̀ yẹn. Ọdún kejìlélógójì rèé tí búlọ́ọ̀kù ti já lé e, ọ̀gá mi ìgbà náà da kẹrosíìnì sí i, ó ní pẹ̀lẹ́, ó ní kí n lọ po sìmẹ́ńtì tó kù. Pẹ̀lẹ́ yẹn nìkan ni mo gbà. Àṣé ìka mi wà nínú ìwé, iye rẹ̀ sì jọjú. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Fọ́ọ̀mù kan ṣẹ́ kù, mo tọrọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ fún mi. Mo ti kọ ọ́ tán, mo sàmì sí ìka ọkùnrin tí kò lójú náà, òun ni mo ká sínú lẹ́tà yìí. Bá mi fún ọ̀gá yín. Bó bá ní òun kọ́ ló ni búlọ́ọ̀kù, sọ fún un pé ẹni tó ni ín ti kú, kí ọ̀gá bá ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ san án.

Wọ́n béèrè nínú fọ́ọ̀mù pé ta ló rí i nígbà tó ṣẹlẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni àwa méjèèjì nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ gígẹrun nítòsí ibi tá a ti ń kọ́lé, aṣọ tó fi ń bo oníbàárà lọ́rùn ló fà ya tó fi dì mí lọ́wọ́. Ni mo bá lọ sílé rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé kó wá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan Pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí inú yàrá ló dùbúlẹ̀ sí látìgbà náà, ìròyìn owó ni mo ti ń gbọ́, n ò tíì rí ẹsẹ̀. Ó wà lórí ọ̀pá méjì, ó fẹ́ gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn, àtẹ̀gùn mẹ́ta tí èmi fọwọ́ ara mi mọ. Orúnkún ò ká, dọ́kítà sì ní kò ní ká mọ́. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó béèrè ẹ. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń fi èjìká tì í bí ìgbà tí wọ́n ń ti mọ́tò tí kò ṣíná. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi láìkà á. Ó wá ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan, kí n jọ̀ọ́ kí n má bínú. Ó ní òun ń jowú mi. Ó ní lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé ọmọ òun dé, bó o ṣe gbé e kalẹ̀ tán, o fò wọ ọkọ̀ padà, orúnkún rẹ lòun ń wò, òun sì wọlé lọ tilẹ̀kùn kí òun má bàa gbé ẹ ṣépè.

Mo lọ gbé òòlù wá, mo wó àtẹ̀gùn náà, mo fi sìmẹ́ńtì ṣe ibẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè máa rìn gòkè. N ò gba nǹkan kan. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo fowó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó àpò sìmẹ́ńtì méjì ránṣẹ́ kíákíá kí irọ́ mi lè di òótọ́, torí ẹni tó tà á fún mi láwìn ti ń kí mi lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Fi owó oògùn ìyá rẹ kún un. Ọ̀rọ̀ ìka mi náà, má gbàgbé o, owú yẹn ò tíì tán nínú mi.

Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa. Bó o bá ń bọ̀ wálé nígbà ìsinmi, má ṣe gba iwájú onígbàjámọ̀ kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà, kó o sì rọra máa rìn. Èmi àti ìyá rẹ á ti dúró dè ẹ́ níbẹ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ.