Bí Dòdò Ìkirè Ṣe Wọ Inú Áda Màmá Anju

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àìrí ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú kíṣìn mi ní Dacula, Amẹ́ríkà níbí, lórí táìlì tó le koko, ẹ bá mi tètè ní kí n dìde, orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Lékan ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn. Mo kí Bùnmi àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí síta gbangba, kí ẹlòmíràn lè kà á fún yín. Gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, òun ló ń kà á fún yín. Ibi tó bá wù ú ló ń kà, èyí tí kò bá wù ú, á fò ó. Òun náà ló wá sọ fún yín pé mo ti fi ata ba ìgbéyàwó Ayọ̀ ọmọ mi jẹ́. Ẹ fara balẹ̀, Màmá, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ara wa le. Iṣẹ́ ń lọ nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n parí shift mi láìkọrin fún òun. Ooru ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Òjò á rọ̀, kàkà kí ilẹ̀ tutù, ńṣe ló máa ń hó. Owó oògùn yín wà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Lékan, ẹ tètè gbà á kí wọ́n tó fi ra epo sí mọ́tò.

Àdúgbò wa rẹwà, ilé tuntun ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí i. Bí mo bá kí aládùúgbò mi, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn gan-an nígbà tí Ayọ̀ mú Anju, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, wá sílé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi! Kò kúnlẹ̀ dáadáa o, ó dà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sábẹ́ àga, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

Ẹ ti bi mí léèrè lórí fóònù bóyá onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ará Íńdíà ni wọ́n, láti Kerala, ìhà gúúsù lọ́hùn-ún, ọmọ ìjọ sì ni wọ́n láti ìran baba ńlá wọn. Wọ́n tiẹ̀ jù wá lọ. Bí wọ́n bá ní ìsìn máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án náà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Màmá Anju ni wàhálà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹun nílé mi rí. Mo se ìrẹsì, mo din ẹran, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Ó tún padà wá, ó ní inú ń run òun. Nígbà tó wá gbé omi tirẹ̀ dání nínú ìgò, Màmá, ó dùn mí wọra. Mo sọ fún Bàbá Ayọ̀ pé obìnrin yìí kò fẹ́ wa. Anju ló fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ìgbéraga, ẹ̀rù ló ń ba ìyá òun. Òun nìkan lọmọ rẹ̀. Ìyá náà ń rò pé bí ọmọ òun bá wọ ilé wa, oúnjẹ wa á gbé tiwọn mì, àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ní Kerala. Kò tíì sọ pé òun gbà, kò tíì sọ pé òun kọ̀. Ayọ̀ náà kò sì fẹ́ gbé Anju níyàwó láìgbàṣẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ni ọdún Onam bá dé. Ọdún ìkórè wọn ni, bí ọdún ìjẹṣu tiwa. Wọ́n pè wá, Ayọ̀ sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láìbi mí pé èmi ni màá ṣe áda wá. Ẹnu ọmọ yìí ló máa pa mí! Àdídùn ọdún wọn ni áda. Wọ́n á po ìyẹ̀fun ìrẹsì, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á kó àgbọn rírin àti ṣúgà ìrèké dúdú sí i láàárín, wọ́n á ká ewé náà, wọ́n á sì fi ooru omi sè é bí ọ̀lẹ̀. Ayọ̀ ní bí mo bá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyá Anju á rí gbogbo àṣìṣe mi, kí n ṣe é ní modern. Mo bi í pé báwo ni modern ṣe ń jẹ́. Ó ní kí n da ṣokoléètì sí i. Mo ní kó jáde ní kíṣìn mi. Bó bá jẹ́ pé a máa da nǹkan pọ̀ mọ́ nǹkan, èyí tí màmá mi fi tọ́ mi dàgbà ni màá dà á pọ̀ mọ́.

Bí dòdò Ìkirè ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti dúdú. Ọmọ tó ń gbowó ní ó ti bàjẹ́, kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kò tíì bàjẹ́ tó ni. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé, mo fi ata àti iyọ̀ sí i, mo din ín nínú epo pupa bí ẹ ṣe kọ́ mi, ni ẹ̀rọ ara àjà tó ń ké bó bá gbóòórùn èéfín bá figbe ta, Bàbá Ayọ̀ ń fi táwẹ̀lì fẹ́ ẹ. Mo gún dòdò náà pọ̀ mọ́ àgbọn àti ṣúgà dúdú. Bàbá Ayọ̀ ní òun á máa tọ́ ọ wò kí òun lè ràn mí lọ́wọ́, ó sì ràn mí lọ́wọ́ títí kò fi lè jẹ oúnjẹ alẹ́. Anju bẹ̀ mí pé Aunty, ẹ dín ata kù, wọn kì í fi ata sí àdídùn níbi tiwọn. Mo dín in kù, lójú tèmi.

Ọjọ́ náà pé. Ilé wọn ní Loganville kún. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú kálukú dípò àwo, ìrẹsì wà láàárín, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi yí i ká, kò sí ẹran, kò sí ṣíbí. Mo fọwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Ayọ̀ ń wá fọ́ọ̀kì. Ọkùnrin tí wọ́n bí sí Gbọ̀ngán! Mo gbá a lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Anju sọ ọ́ sí mi létí pé bí èèyàn bá jẹun tán, ó máa ń ká ewé rẹ̀. Bó bá ká a wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, oúnjẹ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá ká a síwájú lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ kò dùn. Láti ìgbà yẹn, ojú mi kò kúrò lára ewé ìyá rẹ̀ mọ́.

Wọ́n pín áda mi. Màmá Anju tú tirẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gé díẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi lé ròrò sí i. Ó dìde, ó wọ kíṣìn lọ. Yéè! Mo ní mo kú. Mo wo Ayọ̀, ó ti sorí kodò. Kí n tó mọ̀, mo ti fi ewé mi pọ́n ìrẹsì tó kù bí ìgbà tí mo bá ń pọ́n ọ̀lẹ̀, mo ti ṣẹ́ ìdí rẹ̀, mo sì fẹ́ fi sínú báàgì.

Gbogbo tábìlì yíjú sí mi. Ewé mi kò wá sọ́dọ̀ mi, kò lọ síwájú. Àgbàlagbà kan bi Anju pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Bàbá Ayọ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní níbi tí wọ́n ti bí àwa, oúnjẹ tó bá dùn, a kì í fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún onílé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Màmá Anju bá jáde. Wàrà kíkan ló lọ bù, abọ́ ńlá kan. Ó jókòó, ó mu wàrà, ó jẹ áda. Ó mu wàrà, ó jẹ áda. Imú rẹ̀ ń ṣomi, kò dáwọ́ dúró títí ó fi tán, ó tún nawọ́ mú òmíràn. Nígbà tó jẹ ìyẹn náà tán, ó di etí ewé rẹ̀ lọ́hùn-ún mú, ó ká a wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ó kọjú sí mi. Ó ní eléyìí kì í ṣe áda. Ó ní ìyá òun kò ní pè é ní áda láéláé. Ṣùgbọ́n ó ní áda ni àwọn ọmọ Anju àti Ayọ̀ máa pè é, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ lẹ́nu nínú bí a ṣe ń sè é: kí n dín ata rẹ̀ kù. Màmá, mo sunkún níwájú gbogbo wọn, n kò tijú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo nu ojú mi, mo ní dòdò Ìkirè tí kò bá ta èèyàn lẹ́nu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ni, n kò dín nǹkan kan kù. Ó ní mo máa dín in kù. Mo ní n kò ní dín in kù. Ó bá mi jiyàn títí dé ìdí mọ́tò. Bí a ṣe di àna nìyẹn.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé àwọn ọmọ wọn jó. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe. Màmá Anju ní òun máa pè yín lọ́jọ́ Sunday láti fẹjọ́ ata yìí sùn. Ó lẹ́nu dídùn o, Màmá, kò sì ní pẹ́ tí ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dájọ́, ẹ rántí pé èmi ni

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́.